Ohun Tó Ń Mú Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ Yá

Bí iṣẹ́ ilé bá ń falẹ̀, bíríkìlà la kọ́kọ́ ń bá wí. Ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn pé bí wọ́n ṣe ṣètò ibi iṣẹ́ ló sábà máa ń fà á.

Ní 1885, Frank Gilbreth, ọmọ ọdún 17, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé bí ọ̀gá kan ṣe ń to bíríkì yàtọ̀ sí ti èkejì, àti pé ọ̀nà tí ọ̀gá kan ń gbà ṣe é nígbà tó bá ń kánjú kọ́ ló fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ló bá ń ṣọ́ wọn. Bíríkì wà nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀. Bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mú ọ̀kan, á yí i wò láti mọ ojú tó dára, á tẹ́ ẹ, á wá fi irin tó fi ń bu sìmẹ́ǹtì gbá a títí yóò fi jókòó. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn mọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dáadáa: gbogbo ara ni wọ́n ń gbé lọ sílẹ̀, gbé padà sókè, láti àárọ̀ dalẹ́.

Gilbreth ṣe pẹpẹ tó ń ga bí ògiri ṣe ń ga, kí ẹrù lè wà nítòsí ìbàdí òṣìṣẹ́. Lébìrà ló ń ṣa bíríkì, tó ń to ojú tó dára wọn síbì kan náà kó tó gbé e wá. Wọ́n sì ń po sìmẹ́ǹtì rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán ń tẹ bíríkì wọlé. Ohun 18 tí ara ń ṣe lórí bíríkì kan wá di 5. Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa bí iṣẹ́ ṣe lè yá, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1911 pé, níbi tí bíríkìlà ti ń to 120 ní wákàtí kan, àwọn tí Gilbreth ṣà, tó sì kọ́, ń to 350.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Empire State Building ní New York. Oṣù Kẹta 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ kìíní Oṣù Karùn-ún 1931, pẹ̀lú àjà 102. Ọkọ̀ kì í da bíríkì sójú títì. Inú kòtò ńlá kan lábẹ́ ilé ló ń dà á sí, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé e gòkè, tí kẹ̀kẹ́ orí irin á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Wọ́n ń ta oúnjẹ lórí àjà, kí òṣìṣẹ́ má bàa máa sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n ètò nìkan kọ́. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ wọ́n, ẹni tó bá sì rí ọ̀kan ò ní fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó yẹ ká ka ìyẹn náà mọ́ ohun tó mú iṣẹ́ ọ̀hún yá.