Mọ́tò Iná Mànàmáná Nínú Ìṣirò Ewu Ìbújáde Iná

Ìbújáde iná ni ọwọ́ iná ńlá tí í là yẹ̀rì nínú àpótí iná ilé-iṣẹ́ nígbà tí mànàmáná, ìránṣẹ́ tí kò léèéfín, apolówó-rẹ̀ bí a bá ṣì í lò, bá fo láti ara irin kan sí èkejì, tí afẹ́fẹ́ àárín wọn sì di ọ̀nà fún un. Ooru rẹ̀ lè tó nǹkan bí 20,000 °C, tí bàbà yóò yọ́, tí yóò sì di oru. Àpilẹ̀kọ tí ẹnjiníà Ralph Lee kọ ní Amẹ́ríkà ní 1982 ni ó la ojú àwọn ẹnjiníà sí bí a ti ṣe lè ṣírò ewu yìí. Àjọ IEEE, ti àwọn ẹnjiníà iná, sì gbé ìlànà 1584 jáde fún ìṣirò náà ní 2002, wọ́n tún un ṣe ní 2018. Iye ooru tí yóò kan òṣìṣẹ́ ni ìṣirò náà ń wá, nítorí pé kálórì 1.2 péré lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró tó láti mú kí awọ ara lé roro.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé tiransifọ́mà nìkan ní í bọ́ iná yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ ìlọta oníná rí mọ̀ pé bí a bá pa á, ọlọ rẹ̀ yóò ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mọ́tò ilé-iṣẹ́: bí wáyà bá ti bríìjì, yíyí tó ń yí lọ́wọ́ àti agbára òòfà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò sọ ọ́ di jẹnẹrétọ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa da iná padà síbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà iye tó ń fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún. Iná tí mọ́tò oríṣi induction ń dà padà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá; ti oríṣi synchronous, tó ní òòfà tí a ń bọ́ lọ́tọ̀, a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká mú tiransifọ́mà 1,000 kVA kan, oní 415 fólítì, tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100: òun nìkan lè da nǹkan bí 28,000 áńpíà síbi tí wáyà ti pàdé. Bí mọ́tò mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 75 kW, bá ń yí lórí bọ́ọ̀dù kan náà, wọn yóò fi nǹkan bí 6,400 kún un. Lóòótọ́, èyí tí yóò la afẹ́fẹ́ kọjá kéré sí àpapọ̀ yìí, ìlànà 1584 sì ní bí a ti í dín in kù. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mìíràn wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Ẹni tó dúró níwájú bọ́ọ̀dù ni iná méjèèjì yóò jó, bẹ́ẹ̀ bíréékà tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiransifọ́mà kò rí ju ti tiransifọ́mà lọ, nítorí pé ti mọ́tò kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹnjiníà tó bá fi àpapọ̀ wo àkókò tí bíréékà yóò fi já yóò rò pé ó yá ju bó ti rí lọ, òṣìṣẹ́ yóò sì wọ aṣọ tí agbára rẹ̀ kò ká iná náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tọ́ kí a ṣírò, nígbà tí gbogbo mọ́tò ń yí àti nígbà tí wọ́n dákẹ́, nítorí pé iná tó kéré lè mú kí bíréékà pẹ́ kó tó já, kí ooru sì pọ̀ jù. Mọ́tò tó ń gba iná láti inú dráìfù oní-dáyódù, ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, kì í da iná padà, àfi bí a bá so ó tààrà láìgba inú dráìfù náà. Ìlànà ààbò iná NFPA 70E ti Amẹ́ríkà ní kí a má ṣe jẹ́ kó ju ọdún 5 lọ kí a tó tún ìṣirò yẹ̀ wò, kí a sì tún un ṣe nígbàkígbà tí ètò iná bá yí padà; mọ́tò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ bọ́ọ̀dù wà lára irú àyípadà bẹ́ẹ̀.