Ìfagilé Ìgbéyàwó Lábẹ́ Òfin ní Nàìjíríà

Ìfagilé ìgbéyàwó ni ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ fi ń kéde pé ìgbéyàwó kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rí lójú òfin, tàbí pé ó ti ní àbùkù láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó, débi pé ó yẹ ní títú ká. Ọ̀tọ̀ ni ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀ gbà pé òun ṣe ìgbéyàwó tó péye. Ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rò fún adájọ́. Ẹni tó ń wá ìfagilé kò bá ìyẹn lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ń tọ́ka sí: ohun tí kò yẹ kó wà lọ́jọ́ náà wà ńbẹ̀, tàbí ohun tó yẹ kó wà kò sí.

Òfin Matrimonial Causes Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1970 lábẹ́ ìjọba ológun Gowon, ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Òfin ilẹ̀ Australia ti ọdún 1959 ni wọ́n wò ṣe é. Ṣáájú ìgbà náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ń lò. Ìgbéyàwó alárédè nìkan ló kàn, ìyẹn èyí tí a ṣe ní rẹ́jísìrì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó jẹ́ ìdána nìkan, kò sì kan yìgì.

Oríṣi méjì ni òfin yìí pín ìgbéyàwó alábùkù sí. Èyí àkọ́kọ́ kò sí rárá lójú òfin, bó ti wù kí ayẹyẹ rẹ̀ ti lárinrin tó. Èkejì wà, ó sì ń jẹ́ ìgbéyàwó títí di ìgbà tí ilé-ẹjọ́ bá fagi lé e nítorí ẹ̀bẹ̀ ọ̀kan nínú tọkọtaya.

Nínú oríṣi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ní aya tàbí ọkọ tẹ́lẹ̀ ló kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọkùnrin á ti san owó orí ìyàwó sílé, ẹbí á ti gbé ìyàwó fún un, yóò wá wọ Èkó lọ, yóò sì mú obìnrin mìíràn lọ sí rẹ́jísìrì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìwé rẹ́jísìrì borí ìdána. Irọ́ gbáà ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe bá ṣì dúró, òfo ni ti rẹ́jísìrì, àfi tó bá jẹ́ obìnrin kan náà ló ṣe ìdána fún. Òfin Ìgbéyàwó sọ èyí ní kedere, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 lé ẹni tó bá ṣe é. Obìnrin tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún, tí ìyá àgbà kan dé láti abúlé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí ìdána. Ìkà ni èyí sí obìnrin méjèèjì, n kò sì rí ìdí tí ẹbí tó mọ̀ fi máa ń dákẹ́ tí wọ́n á tún bá wọn wọ aṣọ ẹbí.

Ìbátan náà wà níbẹ̀. Òfin kọ̀ kí ènìyàn fẹ́ òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá rẹ̀, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n àwọn òbí rẹ̀, àti ọmọ tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ̀ bí. Kò dárúkọ àwọn tí òbí wọn jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, bẹ́ẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá kò gba ìyẹn láyè rárá. Àna pẹ̀lú ní èèwọ̀ tirẹ̀, irú bí ìyá ìyàwó ẹni, ṣùgbọ́n adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga lè yọ̀ǹda fún ẹni tí àna nìkan bá dí lọ́nà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀.

Ìfipámúni, ẹ̀tàn, àṣìṣe nípa ẹni tí à ń fẹ́ tàbí nípa ohun tí ayẹyẹ náà jẹ́, àti àìsàn ọpọlọ tí kò jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣe, gbogbo wọn ló ń sọ ìgbéyàwó di òfo, torí pé kò sí ìfọwọ́sí tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tí òfin ń wí kì í ṣe irọ́ owó. Ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ lólówó tí kò ní kọ́bọ̀ ti purọ́ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ni ẹni tí obìnrin náà fojú rí tó sì gbà láti fẹ́.

Ní ti ọjọ́ orí, òfin 1970 kò dárúkọ iye kan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ti ètò ayẹyẹ kò le tó bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Rẹ́jísìrì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kó so tọkọtaya láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àléébù tó wà nínú ibi ìsopọ̀, orúkọ, ìwé àṣẹ tàbí ẹni tó so wọ́n tó ba ìgbéyàwó jẹ́, tọkọtaya méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ lọ́wọ́ sí i.

Oríṣi kejì ní ìdí mẹ́rin: pé ọ̀kan nínú wọn kò lè bá ìkejì lò pọ̀ rárá, pé ó ní àìsàn ọpọlọ tàbí wárápá tó ń gbé e léraléra, pé ó ní àrùn ìbálòpọ̀ tó lè ràn, tàbí pé ìyàwó ti lóyún fún ẹlòmíràn kó tó wọlé. Ìtàn wà lẹ́yìn ti oyún yìí. Lọ́dún 1897, ọkọ kan bẹ ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kó fagi lé ìgbéyàwó òun torí oyún tí ìyàwó fi pa mọ́, ilé-ẹjọ́ sì kọ̀ fún un. Ọdún 1937 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún òfin rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ sì ni ìdí náà ti ń bọ̀ kó tó dọ́dọ̀ wa.

Àìrọ́mọbí kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó yẹ kí a sọ èyí sókè, nítorí iye ìyàwó tí ìyá ọkọ ti fi òfin dẹ́rù bà lórí rẹ̀. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fagi lé ìgbéyàwó torí pé ọmọ kò dé. Àìlèbánilòpọ̀ nìkan ló ń wí, ó sì gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó ṣì wà lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, láìsí ìwòsàn. Ẹni tó lè ṣe é tó kàn ń kọ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni tirẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni a ń gbé ẹjọ́ náà lọ, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Agbẹjọ́rò yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún 1983 ti là á sílẹ̀, olùpẹ̀jọ́ yóò búra sí i, wọ́n á so ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mọ́ ọn, wọ́n á sì fi jíṣẹ́ fún ẹnìkejì. Bí ẹni yẹn bá kọ̀ tí kò yọjú, adájọ́ ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí kó tó dájọ́. Ẹni tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́ sábà máa ń ní láti gba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Ìlànà ọdún 2 yìí kò de ìfagilé.

Ìdájọ́ lórí ìgbéyàwó oríṣi kejì kì í parí lọ́jọ́ kan. Oṣù 3 ni wọ́n fi ń dúró kó tó fìdí múlẹ̀ pátápátá, bí ọmọ tí kò tó ọdún 16 bá sì wà, ilé-ẹjọ́ á kọ́kọ́ rí i pé ètò ìtọ́jú rẹ̀ péye. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn ti tún kó sínú ẹ̀ṣẹ̀ ìgbéyàwó onílọ̀ọ́po. Ìfagilé kò sọ ọmọ ìgbéyàwó oríṣi kejì di ọmọ àlè. Kódà níbi tí ìgbéyàwó ti jẹ́ òfo, ilé-ẹjọ́ ṣì lè pàṣẹ owó ìtọ́jú àti ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì kọ̀ kí ìyà jẹ ọmọ nítorí ọ̀nà tó gbà wáyé.

Ìdájọ́ ìfagilé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ Kátólíìkì, tí Póòpù Francis mú ìlànà rẹ̀ rọrùn lọ́dún 2015, kò tú ìgbéyàwó alárédè ká lójú ìjọba. Ẹni tó gbà á ṣì ní láti lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára jù ni àkókò. Ẹni tó ń pẹjọ́ lórí àìsàn ọpọlọ, àrùn ìbálòpọ̀ tàbí oyún ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ inú rẹ̀ bá ẹnìkejì lò pọ̀ lẹ́yìn tó ti mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pẹjọ́ kí oṣù 12 tó pé sí ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Ìpàdé ẹbí, ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà àti ìmọ̀ràn pásítọ̀ lè gba ọdún kan tán láìfura. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò.