Orísun Kan, Ẹ̀dà Púpọ̀: Láti Orí Àkọtọ́ Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà a máa gbé iṣẹ́ wọn lé orí iṣẹ́ àjùmọ̀lò tí ẹlòmíràn ti ṣe. Nígbà mìíràn, ẹnì kan a kó orísun iṣẹ́ àjùmọ̀lò náà wá sí ilé, a tún ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe, a sì kọ́ ètò tirẹ̀ lé ẹ̀dà yìí. Ó ti gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ nìyẹn. Àtúnṣe tí àwọn olórísun bá ṣe lẹ́yìn náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Ìgbómìnà, láti Agbamu títí dé Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. Inú irú rẹ̀ ni a ti kọ́ ìwé kíkà.

Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀. Bíbélì tí a parí ní 1884 àti àwọn ìwé orin tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni a ti bá ‘aiye’, ‘enia’, ‘yio’ àti ‘na’. Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ àkọtọ́ náà wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1965. Ní 1974 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ti tuntun: ayé, ènìyàn, yóò, náà. Ilé-ìwé gba àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ìjọ di ẹ̀dà tiwọn mú. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ẹsẹ tí ènìyàn ti kọ́ sórí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìtẹ̀wé kò sì kéré.

Ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀dà náà jìnnà sí i. Nítorí pé wọ́n fẹ́ kí Yorùbá bá Fọ̀n àti àwọn èdè yòókù lo ábídí kan náà, ẹ di ɛ, ọ di ɔ, p di kp. Ará Kétu àti ará Ìlọrin lè jùmọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá ‘ọpẹ́’ lórí kọ̀ǹpútà kò ní rí ‘ɔkpɛ́’.

Àwa náà tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan a máa yí ìrísí lẹ́tà àjèjì padà di ẹ tàbí ṣ. Bí ìwé náà bá dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, lẹ́tà àjèjì ni yóò hàn. Unicode ti 1993 fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn; ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, àmì ohùn gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà lè sọ gbogbo ‘aiye’ di ‘ayé’ ní ìṣẹ́jú kan. ‘Na’ ni ìṣòro: ó lè jẹ́ náà, ó lè jẹ́ nà, ó lè jẹ́ ná. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò jókòó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.