Òkúta Àlejò: Láti Lourtier dé Neuchâtel, ní Orílẹ̀-èdè Súìsì

Bí a bá dárúkọ Súìsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìfowópamọ́, ṣokoléètì àti aago ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ibẹ̀ lára kàlẹ́ńdà yóò fi òkè Cervin kún un, òkè ṣóńṣó tí àwọn elédè Jámánì ń pè ní Matterhorn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní ilẹ̀ náà, àwọn ibì kan wà tí ẹsẹ̀ èrò kò pọ̀ níbẹ̀, tí ẹwà wọn kò sì kéré. Mẹ́ta nínú wọn ni a fẹ́ mú òǹkàwé dé, nítorí pé ìtàn kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀.

Lourtier ni àkọ́kọ́, abúlé kan ní àfonífojì Bagnes, ní ẹkùn Valais. Láti Martigny, ọ̀nà ibẹ̀ ń bá odò Dranse gun òkè lọ, láàárín pápá tútù àti igbó, títí yóò fi kan àwọn òkè tí yìnyín orí wọn kì í yọ́ tán. Yìnyín yìí kì í dúró lójú kan. Bí òjò dídì ti ń rọ̀ lé e lọ́dọọdún, ìwúwo rẹ̀ ń tì í sọ̀kalẹ̀ bí odò tó ń fi ẹsẹ̀ ìgbín rìn, ó sì ń ru òkúta lọ. Glacier ni Faransé ń pè é. Odò yìnyín ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbéèrè kan ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. Òkúta ràbàtà, tí àwọn mìíràn tó ilé, wà káàkiri ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Súìsì àti lára òkè Jura, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bá ilẹ̀ ibẹ̀ tan. Òkè Alpes lọ́hùn-ún ni orírun wọn. Ta ló gbé àwọn àlejò wọ̀nyí dé? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní ìkún omi ni. Jean-Pierre Perraudin, àgbẹ̀ àti ọdẹ ará Lourtier tí a bí ní 1767, ní ìdáhùn mìíràn. Ó ti rí àpá híha lára àpáta níbi tó jìnnà sí yìnyín ìgbà ayé rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ha àpáta bẹ́ẹ̀. Ní 1815, Jean de Charpentier, ọ̀gá ibi ìwakùsà iyọ̀ ní Bex, sùn mọ́jú nílé rẹ̀. Perraudin sọ fún un pé odò yìnyín ti kún gbogbo àfonífojì náà rí, títí dé Martigny. Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀gá lẹ́nu dé ibi pé kò kà á sí ohun tó yẹ ní wíwádìí.

Ẹni tó fetí sí i ni Ignaz Venetz, ẹnjiníà ìjọba Valais. Òkè oníná Tambora bú gbàù ní ilẹ̀ Indonéṣíà ní 1815, eérú rẹ̀ bo ojú oòrùn, ọdún 1816 sì tutù níní ní Yúróòpù. Yìnyín Giétro, lókè Lourtier, ń ya lulẹ̀ sínú odò Dranse títí ó fi di ògiri, omi sì ń kún lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1818, Venetz kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti gbẹ́ ihò gbọọrọ la yìnyín náà kọjá, kí omi lè máa ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ yọrí, omi sì ti ń fà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ògiri náà já. Omi gbá ilé, afárá àti igi lọ dé Martigny, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Láìsí ihò Venetz, ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ní Mauvoisin, níbi tí adágún ikú yẹn ti kún, ìsédò kan dúró tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 250. Àlejò lè rìn lórí rẹ̀ kí ó máa wo omi aláwọ̀ aró náà. Ẹni tí kò mọ ìtàn 1818 yóò rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni.

Venetz mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Súìsì ní 1829. Charpentier fẹ́ já a nírọ́, ó wádìí, ìwádìí sì yí òun fúnra rẹ̀ lérò padà. Ní 1834, bí ó ti ń lọ sí Lucerne láti sọ ọ́ ní gbangba, ó pàdé agégi kan lójú ọ̀nà, ẹni tó fi òkúta hàn án, tó sì ṣàlàyé pé odò yìnyín ló gbé e wá láti Grimsel. Ohun tí àwọn àgbà ìwé ń bá jà, ará oko ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òkúta àlejò, kí ó yà ní Monthey, lẹ́bàá àfonífojì Rhône. Pierre des Marmettes wà níbẹ̀, ó ga débi pé wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sí orí rẹ̀. Àwọn agbẹ́kùúta ti fọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tà. Èyí bọ́ nítorí pé àwọn ènìyàn dìde láti dáàbò bò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ìkẹta ni Pierre-à-Bot, nínú igbó tó wà lókè ìlú Neuchâtel. Láti ọ̀nà Mont Blanc ni yìnyín ti rù ú wá. Ní ìlú yìí ni Louis Agassiz, tó ti lọ kọ́ nípa yìnyín lọ́dọ̀ Charpentier ní Bex, ti sọ̀rọ̀ olókìkí rẹ̀ ní 1837. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1840, ọdún kan ṣáájú ìwé Charpentier. Báyìí ni òkìkí ṣe bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Charpentier, ní tirẹ̀, kọ orúkọ Perraudin sínú ìwé. Ìyẹn ni a fi mọ ọdẹ náà lónìí, a sì bu ọlá fún Charpentier nítorí rẹ̀.

Agassiz kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1846. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ni pé ìran ènìyàn kò ní orírun kan náà, àti pé aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀. Ní 1850, wọ́n tú ẹrú sí ìhòòhò ní South Carolina láti ya wọ́n ní fọ́tò fún un. Renty, tí a bí ní ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára wọn. Ní 2018, ìlú Neuchâtel kéde pé òun yóò yọ orúkọ Agassiz kúrò ní gbàgede kan, òun yóò sì fi orúkọ Tilo Frey rọ́pò rẹ̀, obìnrin tí a bí ní Kamẹrúùnù, tó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Súìsì ní 1971. Àwọn kan ti béèrè pé kí òkè Agassizhorn náà di Rentyhorn, ìjọba kọ̀.

Ilé Perraudin ṣì wà ní Lourtier. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé odò yìnyín.