Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Láti Orí Ìhá Dé Orí Bátìrì Fóònù

Nínú gbogbo ohun tó ń ti ara ọ̀pẹ wá, ìhá ni kò rí ẹni dá a lówó. Epo a máa wọ ọkọ̀ lọ sí èbúté, èkùrọ́ a máa di àdín tàbí kó di ọjà òyìnbó, ṣùgbọ́n ìhá tó kù nínú ẹkù lẹ́yìn tí àwọn obìnrin bá ti tẹ ẹyìn, tí wọ́n sì ti kó epo rẹ̀, ilé ló ń gbé. Síbẹ̀ epo kì í tán lára rẹ̀ pátápátá. Wọ́n á fún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn. Èyí tí wọn kò bá fi koná lábẹ́ ìkòkò a máa di ògùṣọ̀: wọ́n á dì í mọ́ orí igi, wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́, ó parí. Iná pupa, èéfín dúdú, òórùn epo. Ẹni tó ń lọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tí kò wálé, àwọn tó ń ṣe òkú àgbà ní gbàgede, ìhá ló ń tanná fún wọn láyé àtijọ́.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣe rí láti ìgbà náà títí di òní. Ọjà tó ń gba èbúté kọjá ló ń pinnu irú iná tí ará ilé yóò tàn, àjẹkù ọjà náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Orúkọ ọjà ló ń yí padà.

Ìlú omi ni ìlú méjèèjì. Ìkòròdú wà ní etí ọ̀sà lápá àríwá Èkó, ibẹ̀ ni ẹrù àwọn ará Rẹ́mọ ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀pẹ́ wà lápá ìlà-oòrùn, láàárín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti omi, àwọn apẹja àti àwọn oníṣòwò ló kún inú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó, sá lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò lọ jókòó lásán. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: òun kò ní gbógun ti Èkó, òun yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú, wọ́n á sì jẹ́ kí òun máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kí. Epo pupa ni òwò náà. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ dúró sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ni baba ńlá àwọn tí à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ wọn ló sì ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ títí di òní.

Ní ti Ìkòròdú, ogun gan-an ló dé nítorí ọ̀nà ọjà. Àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, ọ̀nà dí, ẹrù kò lọ kò bọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865 ni John Glover, tó ń darí Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán ọmọ ogun lọ, tí wọ́n sì lé wọn kúrò.

Kí ni òyìnbó ń fi epo pupa tó ń gba àwọn èbúté wọ̀nyí lọ ṣe? Ọṣẹ ni, wọ́n tún fi ń kun irin ẹ̀rọ kó má baà pariwo. Ṣùgbọ́n èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni àbẹ́là. Ní London, ilé-iṣẹ́ Price's Patent Candle Company, tó gba orúkọ yìí ní 1847, rí ọgbọ́n fi oru omi gbígbóná sẹ́ ọ̀rá títí èyí tó pupa yóò fi funfun. Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀rá màlúù ni tálákà fi ń ṣe àbẹ́là níbẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára rárá. Epo ọ̀pẹ mú un kúrò lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òtítọ́ ni pé agbègbè ẹnu Odò Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú epo tó ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá, ṣùgbọ́n epo Èkó lórúkọ láàárín àwọn oníṣòwò nítorí pé ó mọ́, owó rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan jókòó ní London kó máa kàwé lóru lójú iná epo tó ti Ẹ̀pẹ́ wá, nígbà tí obìnrin tó tẹ ẹyìn rẹ̀ ń fi ìhá wá ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe rí kò nílò ìwé ìṣirò púpọ̀ ju èyí lọ.

Ìhá nìkan kọ́ ni wọ́n ní, ṣá. Ògùṣọ̀ wà fún ìta àti ìrìn. Fìtílà wà fún ìjókòó. Àwo amọ̀ pẹrẹsẹ ni, tí amọ̀kòkò ti fi ìka tẹ etí rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí òwú lè rí ibi sùn sí. Wọ́n á yí òwú lórí itan títí yóò fi le, wọ́n á rì í sínú epo pupa tàbí àdín, orí rẹ̀ á yọ díẹ̀, wọ́n á tanná sí i. Bí òwú bá gùn jù, yóò máa rú èéfín. Bí ó bá kúrú jù, yóò kú. Nítorí náà ni ọmọdé kan ṣe máa ń wà nítòsí tó ń fi igi tín-ín-rín fa òwú sókè. Ní gbàgede tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, inú ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n ń gbé e sí, kí àpáàdì lè gba atẹ́gùn dúró. Ti ọlọ́lá yàtọ̀: àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ fìtílà onírin tó ní ẹnu púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yọ́ idẹ ní Benin náà ń ṣe ti idẹ tí wọ́n ń so rọ̀ láàfin.

T. J. Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Georgia ní Amẹ́ríkà, tó gbé ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1850, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1857 pé ọjà alẹ́ ló dùn ún wò jù. Olúkúlùkù obìnrin a tan fìtílà tirẹ̀ sórí àtẹ, ẹni tó bá sì wà lókèèrè á rí ọjà náà bí ìràwọ̀ tó pọ̀ tí kò lóǹkà. Àwọn ìlú òkè ló ń sọ, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni. Ọ̀sán jẹ́ ti oko àti ti odò. Alẹ́ ni àyè ń wà láti nájà.

Lẹ́yìn náà ni epo òyìnbó dé, èyí tí gbogbo wa wá mọ̀ sí kẹrosíìnì. Abraham Gesner ló fi ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ han aráyé ní Kánádà ní 1846. Nígbà tí Edwin Drake sì gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní Pennsylvania ní 1859, epo náà wá pọ̀, ó sì dínwó. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Èkó nínú àwọn páànù onígun mẹ́rin, láti Èkó ni ọkọ̀ ọ̀sà ń gbé e lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Wo bí ayé ṣe yí: ìlú tó ń ta epo fún ẹni tó fẹ́ tanná wá di ìlú tó ń ra epo kó tó lè tanná. Làńtánì náà tẹ̀ lé e. Dietz láti New York àti Feuerhand láti Jámánì ni orúkọ tó hàn lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gíláàsì yí iná ká, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bá iná, ìjì kò sì lè pa á. Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí ògùṣọ̀ àti ọkọ̀ onípákó kì í ṣọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n làńtánì ń gba owó, gíláàsì rẹ̀ sì ń fọ́. Ibí yìí ni àjẹkù ti padà wọlé. Páànù kẹrosíìnì tó ṣófo kò lọ sí àkìtàn. Ó di garawa, ó di òṣùwọ̀n, wọ́n tún gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Agolo wàrà náà tún dé. Láti 1954 ni wàrà Peak ti ń wọ Nàìjíríà láti Netherlands, kò sì pẹ́ tí agolo rẹ̀ fi kún gbogbo ilé. Àwọn tó ń fi òjé lẹ páànù mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Wọ́n á dí ihò méjì tí wọ́n gbà da wàrà jáde, wọ́n á lu ihò kan sí àárín, wọ́n á ká ègé páànù kékeré di ọ̀pá, wọ́n á fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Àkísà tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ ni òwú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún lẹ etí páànù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdimú ti dé. Fìtílà alágolo nìyẹn, tí ó wà lórí àtẹ ẹlẹ́pà, lórí igbá ẹlẹ́kọ, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, lẹ́bàá àdògán lẹ́yìn ilé. Kò ní gíláàsì, nítorí náà òwúrọ̀ á mọ́, ihò imú ọmọ ilé á dúdú. Ewu tó burú jù ni ti ìgbà tí àwọn oníjìbìtì bá lú kẹrosíìnì mọ́ pẹtiróòlù: agolo a máa gbiná lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

Ti àríyá tún yàtọ̀ nígbà náà. Bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá délẹ̀, tí wọ́n sì ti fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà, fìtílà alágolo kò tó o jẹ. Iná gáàsì ni wọ́n ń yá fún alẹ́ ọjọ́ kan. Kẹrosíìnì náà ló ń mu, ṣùgbọ́n wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ títí epo yóò fi di oru, oru náà á sì jó nínú àpò kékeré kan tó ń tàn funfun báláú. Carl Auer von Welsbach, ọmọ Austria, ló pilẹ̀ irú àpò náà ní 1885. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún un láìjẹ́ kí àpò náà já, ènìyàn pàtàkì ni lóde àríyá. Wọ́n ń bu ẹran fún un ṣáájú ọ̀pọ̀ àlejò. Àwọn ọdẹ ní tiwọn fẹ́ràn káábáàdì. Òkúta náà wà nísàlẹ̀, omi ń kán sí i lórí, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ló ń jó níwájú orí ọdẹ, ó sì ń tàn lọ jìnnà nínú igbó.

Iná mànàmáná ti wà ní Èkó láti 1898, èyí ni pé ojú pópó Marina ti ń tàn nígbà tí Ìkòròdú ṣì ń ṣù ìhá. Wọ́n dá ECN, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè iná, sílẹ̀ ní 1950, ó di NEPA ní 1972. Nígbà tó di 1985, ohun ńlá ṣẹlẹ̀: ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí ọ̀sà lágbègbè Ìjẹdẹ, ní Ìkòròdú níbí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú 220 mégáwáàtì wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Afẹ́fẹ́ gáàsì tó ń gba páìpù láti Escravos wá ló ń jó, omi ọ̀sà ni wọ́n sì fi ń tù ú. Ní nǹkan bí 2001, ọkọ̀ amúnáwá AES tún gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú 270 mégáwáàtì. Ìlú wo ló tún kù tí iná yóò pọ̀ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé Ìkòròdú. Iná tó bá jáde ní Egbin, orí wáyà ńlá 330 kílófóòtì ló ń gbà lọ, Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí pínpín rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lóru kò ní ẹ̀tọ́ kankan tó ju ti ará Kánò lọ. Nítorí náà ni ariwo “Up NEPA!”, tí wọ́n ń pa nígbà tí iná tó lọ bá padà dé, ṣe ń dún ní Sábó nínú ìlú Ìkòròdú gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dún níbi gbogbo. Ọjà òkèèrè tún gba èbúté wọlé láti dí àlàfo náà: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “I better pass my neighbour”. Ariwo rẹ̀ ba ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé jẹ́, èéfín rẹ̀ sì pa àwọn tó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó há.

Ohun tó ń mú jẹnẹrétọ̀ náà lọ sílẹ̀ báyìí kéré gan-an. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọmọ Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, rí ọgbọ́n LED aláwọ̀ búlúù, èyí tó jẹ́ kí LED funfun ṣeé ṣe. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n gbà fún un ní 2014. Bátìrì lithium-ion ti wọ ọjà láti ọwọ́ Sony ní 1991. Ní Nàìjíríà, fóònù Nokia ló kó bátìrì náà wọ ilé gbogbo ènìyàn. BL-5C, bátìrì pẹlẹbẹ onífóòtì 3.7, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí fóònù tó gbé e wá ti kú. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe kì í jù ú nù. Wọ́n á so ó mọ́ LED tí wọ́n tú lára tọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́, wọ́n á fi pátákó sólà kékeré kan sí i, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tí omi kò lè wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹwà á gbé e sínú agolo wàrà tí wọ́n ti fi ìṣó lu ihò wínníwínní sí lára, á sì gbé e kọ́ ara igi máńgòrò. Iná tó ń gba ihò náà jáde máa ń ṣe bátànì sára ògiri. Agolo kan náà ni, àmọ́ kò sí èéfín.

Nǹkan kan ló kù tí iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò tíì yanjú. Ìhá a máa di eérú, agolo a máa dógùn-ún títí yóò fi jẹ tán. Bátìrì lithium kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wú, tí ènìyàn gún un, tàbí tí ó bọ́ sínú iná ilẹ̀ tí wọ́n fi ń jó pàǹtí, ó lè bú gbàù. Òfin àyíká lórí ohun èlò onímànàmáná ti wà láti 2011, NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin àyíká, ló sì wà fún un. Síbẹ̀, lábẹ́ tábìlì atúnfóònùṣe, inú ike ọ̀dà tó ṣófo ni àwọn èyí tó ti kú pátápátá ń gbé, títí tí ike á fi kún tí ọlọ́mọláńkẹ́ á sì wá kó o lọ pẹ̀lú pàǹtí yòókù.