Láti Orí Bátìrì Títí Dé Fóòtì 13.8: Ìtàn Ẹ̀rọ Apèsè Iná Orí Tábìlì fún Rédíò Àmátọ̀

Ẹ̀rọ apèsè iná orí tábìlì, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní pawa sọ́pláì, ni àpótí tí ń gba iná mànàmáná láti ara ògiri, tí ó ń sọ ọ́ di iná DC, ìyẹn iná tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo láìyí padà, tí ó sì ń gbé e fún rédíò ní ìwọ̀n tí rédíò náà lè gbà. Lọ́wọ́ àwọn onírédíò àmátọ̀, ìyẹn àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgba owó lórí rẹ̀, ìwọ̀n náà ti di fóòtì 13.8 káàkiri ayé. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó yan nọ́ńbà yìí fún wọn. Inú mọ́tò ni ó ti wá, kí ó sì tó wọ orí tábìlì wọn, iná tí wọ́n ń lò ti fìgbà pípẹ́ ga dé ibi tí ó lè pa ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ American Radio Relay League, tí a ń gé kúrú sí ARRL, sílẹ̀ ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà ní 1914, bátìrì àti ẹ̀rọ tí iná ń ta pàrà lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmátọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Fáàfù ni ó yí nǹkan padà, ìyẹn gílóòbù onígíláàsì tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, èyí tí Lee de Forest fi irin kẹta sí nínú ní 1906 tí ó fi wá lè sọ ohùn kékeré di ńlá. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni rédíò onífáàfù ń béèrè: bátìrì A, tí ó sábà máa ń jẹ́ bátìrì olómi ásíìdì onífóòtì 6, ni ó ń mú irin inú fáàfù gbóná, bátìrì B, tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra títí yóò fi pé fóòtì 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń fa iná kọjá nínú rẹ̀, bátìrì C kékeré sì ń fi irin kẹta náà sí ipò tí ó yẹ. Ásíìdì bátìrì A ń ba ẹní àti aga jẹ́, bátìrì B sì wọ́n, bí ó bá ti tán, òmíràn ni a ó rà.

Ọdún 1925 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní Toronto, ní Kánádà, Edward Rogers gbé rédíò tí kò nílò bátìrì kankan jáde fún títà, ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Massachusetts sì gbé fáàfù kan jáde tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó sọ iná AC, tí ń lọ tí ń bọ̀, di iná DC. Irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní rẹkitifáyà. Láti ìgbà náà ni àpótí kan tí a lè kì bọ iná ara ògiri ti ń gba ipò bátìrì lábẹ́ tábìlì.

Iṣẹ́ tí ó le jù, síbẹ̀, kì í ṣe ti gbígbọ́ bí kò ṣe ti fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1923, Léon Deloy láti ìlú Nice ní Faransé bá Fred Schnell àti John Reinartz sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn àmátọ̀ yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lálọ-lábọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ fóòtì ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí owó bátìrì tí ó lè tó o. Àwọn tí kò lówó rẹkitifáyà onífáàfù to ìgò sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n da omi tí wọ́n po bórásì sí sínú wọn, wọ́n sì ki pẹlẹbẹ òjé kan àti pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù kan bọ inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa bo alumíníọ̀mù náà, tí yóò jẹ́ kí iná kọjá sí ìhà kan tí yóò sì dí i mọ́ ìhà kejì. Ìgò kan kò lè dá iná púpọ̀ dúró, nítorí náà wọ́n ń so wọ́n kọ́ra ní ìlà gígùn, omi a sì máa hó nínú wọn bí iṣẹ́ bá pẹ́. Nígbà tí ó yá, fáàfù olóoru mẹ́kúrì bí 866, tí ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù bí ó bá ń ṣiṣẹ́, gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìgò.

Iná tí ó ti inú rẹkitifáyà jáde ṣì ń ru sókè rodò. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ara ògiri ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà 120 ni rírú náà ń ṣẹlẹ̀; ní Bìrìtéènì àti Nàìjíríà, tí tiwọn jẹ́ 50, ìgbà 100 ni. Kapasítọ̀ ni ó ń tù ú lójú, nítorí pé ó ń gba iná pamọ́ nígbà tí ó pọ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ó fà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àgbá omi òjò ti ń ṣe láàárín òjò kan àti òmíràn. Bí kapasítọ̀ bá kéré jù, rírú náà yóò bá àmì Morse, ìyẹn ìró kúkúrú àti gígùn tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, jáde lórí afẹ́fẹ́, ẹni tí ó wà ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà yóò sì gbọ́ ọ bí ohun tí ń kùn. Èyí ni ó fà á tí Arthur Braaten fi fi lẹ́tà T sínú ètò RST tí ó gbé kalẹ̀ ní 1934: R ni bí ọ̀rọ̀ ṣe yéni sí, S ni agbára rẹ̀, T sì ni bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́ tó, láti 1 títí dé 9. Ẹni tí wọ́n bá fún ní T kékeré mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ apèsè iná òun ni òun ní láti lọ wò. Ohun tí ó ṣàrà ọ̀tọ̀ gan-an ni pé àjèjì tí kò rí ẹ̀rọ náà rí lè fi etí lásán mọ àbùkù rẹ̀, títí di òní ni àwọn tí ń fi Morse sọ̀rọ̀ sì ń fún ara wọn ní nọ́ńbà yìí.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Kapasítọ̀ tí a ti gbé iná sí lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so rẹsísítọ̀ mọ́ ọn láti máa fa iná inú rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ross Hull, ọmọ Australia tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóòtú QST, ìwé ìròyìn ARRL, tí ó sì mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ni iná olóókè pa ní oṣù kẹsàn-án 1938 nídìí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kan tí ó ń dán wò. Ikú irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìmọ̀ nìkan kò tó ààbò níwájú irú ẹ̀rọ yìí.

Tiransísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell ní 1947 tí ó sì wá gba iṣẹ́ fáàfù, ni ó mú ewu náà rọlẹ̀, nítorí pé fóòtì kékeré ni ó ń lò. Láàárín àkókò kan náà, ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà fi bátìrì onífóòtì 6 sílẹ̀ fún onífóòtì 12. Bátìrì yìí ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fún ni ní nǹkan bíi fóòtì 2.1 bí ó bá kún, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12.6, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná nínú mọ́tò, yóò gbé e dé 13.8 tàbí kí ó lé díẹ̀. Àwọn tí ń ṣe rédíò tí a lè gbé sínú mọ́tò fi 13.8 ṣe òdiwọ̀n wọn, nígbà tí rédíò oníwáàtì 100 tí kò ní fáàfù kankan sì gbòde nínú àwọn ọdún 1970, òdiwọ̀n yìí ni ó bá a wọ ilé. Ẹni tí kò ní mọ́tò pàápàá wá ní láti ní àpótí kan tí yóò ṣe bí mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń fa nǹkan bí áńpì 20 bí ó bá ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, bí ó sì ń gbọ́ lásán, áńpì kan sí méjì ni. Àpótí tí yóò gbé e ní tiransifọ́mà ńlá tí ń sọ iná ògiri di kékeré, dáyóòdù tí ó gba ipò rẹkitifáyà onífáàfù, kapasítọ̀ ńlá, àti tiransísítọ̀ alágbára bíi 2N3055 tí ń dí fóòtì tó bá lé lọ́nà. Bí kapasítọ̀ bá gbé fóòtì 20 wá, tí a sì fẹ́ 13.8, fóòtì 6.2 ni yóò ṣẹ́ kù sórí tiransísítọ̀. Ní áńpì 20, èyí jẹ́ wáàtì 124 tí ó di ooru lásán, tí páànù alumíníọ̀mù onílẹ́ẹ́bẹ́ tí ó wà lẹ́yìn àpótí gbọ́dọ̀ tú sáfẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí RS-35A ti ilé-iṣẹ́ Astron, èyí tí ọ̀pọ̀ àmátọ̀ ní Amẹ́ríkà mọ̀ dunjú, fi wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 12. Áńpì 35 ni a kọ sí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n 25 ni ó lè gbé láìsinmi, ó sì yẹ kí ẹni tí ń rà á mọ ìyàtọ̀ yìí.

Bí tiransísítọ̀ yìí bá jó tí inú rẹ̀ sì kanra, gbogbo fóòtì 20 náà ni yóò ya lọ bá rédíò tí owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po púpọ̀ ti àpótí náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi SCR sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn irú dáyóòdù kan tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi bí a bá pàṣẹ fún un: bí fóòtì bá ti lé ju ààlà lọ, yóò so ẹnu ọ̀nà méjèèjì pọ̀ mọ́ra lójijì, fíùsì yóò sì jó, rédíò yóò sì là. Àpótí tí kò ní ìdáàbòbò yìí kò yẹ kí ó wà nídìí rédíò olówó ńlá.

Irú àpótí kejì, tí ó ti borí lónìí, kò fi tiransísítọ̀ sun iná dànù. Ṣe ni ó ń pa á tí ó ń tàn án ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí pé tiransifọ́mà tí ń ṣiṣẹ́ ní ìyára bẹ́ẹ̀ kò nílò irin púpọ̀, àpótí náà fúyẹ́ débi pé a lè fi ọwọ́ kan gbé e. Kọ̀ǹpútà ni ó sọ ọ́ di ohun tó kárí: Apple II ti 1977 lo irú rẹ̀ tí Rod Holt ṣe. Ṣùgbọ́n pípa àti títàn yẹn fúnra rẹ̀ ń mú ariwo jáde lórí àwọn ìgbì tí àmátọ̀ ń tẹ́tí sí, nítorí náà ni àwọn tí kò bìkítà ìwúwo ṣe ṣì ń fẹ́ràn oní-tiransifọ́mà ńlá. Ilé-iṣẹ́ Alinco fi bọ́tìnì oníyíyí kan sára DM-330MV tí ń sún ariwo náà kúrò lórí ibi tí ẹni náà ń gbọ́. Kò pa á, ó kàn gbé e lọ síbòmíràn ni.

Ní Nàìjíríà, níbi tí orúkọ ìpè àwọn àmátọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, iná ara ògiri kì í fìgbà gbogbo wà, nítorí náà àǹfààní ńlá ni pé fóòtì 13.8 yìí kan náà ni a lè fi tọ́jú bátìrì olómi ásíìdì kí ó máa kún láìbàjẹ́: a so àpótí, bátìrì àti rédíò pọ̀, bí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ kò ní já. Wáyà tí ó gbà wọ́n kọjá gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí pé áńpì 20 tí ó gba inú wáyà tín-ín-rín lè pàdánù fóòtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé rédíò. Bátìrì lítíọ̀mù tí a fi irin àti fọ́sífétì ṣe ń gba ipò olómi ásíìdì báyìí. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12.8, tí rédíò tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ń gbà láìsí ìṣòro.