Ààtàn Ẹ̀yìnkùlé: Ìdí Tí Pàǹtí Fi Ń Bọ́ Sódò Ní Ìbàdàn

 Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ní kí n kọ nípa ìmọ́tótó àyíká, pé kí n sọ ìdí tí àwa ará ìsàlẹ̀ Ìbàdàn ò fi fẹ́ yí ìwà padà. Mo gbà láti kọ ọ́, àmọ́ n kò gba gbólóhùn yẹn wọlé. Ọmọ Bẹyẹrúnká ni mí. Kí ẹ tó pè wá ní ọ̀bùn, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun dé síbẹ̀ ní 1829. Agboolé lẹ̀ mọ́ agboolé, àwọn ọmọ sì ń fa ilé yọ lára ilé baba wọn títí tí ọ̀nà fi kù bí ibi tí ẹlẹ́rù kan lè gbà. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ààtàn tirẹ̀. Kí ni wọ́n ń dà síbẹ̀? Eérú, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, igbá tó fọ́. Ewúrẹ́ àti adìyẹ a jẹ tiwọn, òjò a sọ ìyókù di ilẹ̀dú. Ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ sétí ààtàn ò ní í wá ajílẹ̀ lọ síbì kan. Àwọn wolé-wolé dé láyé òyìnbó, wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi, wọ́n ń fi kóòtù dẹ́rù ba àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n ààtàn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rá láílọ́ọ̀nù ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ìyá ìyá mi ta ẹ̀kọ ní Ọjà'ba, ewé eéran ló fi ń pọ́n ọn. Ìyá mi jogún ìsọ̀ náà, ọ̀rá ló ń lò. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mò ń múra àti kọ èyí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo máa bá mi já ewé ni? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé a wọ́n bí ojú. Bí mo bá bu owó ewé lé ẹ̀kọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni oníbàárà ń lọ. Kí n wá jẹ kí ni?" N ò rí èsì fọ̀. Nígbà tí "pure water" tún wá gbòde láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀ràn bẹ́yìn yọ. Ohun tí ààtàn ò lè jẹ, àgbàrá ló ń gbé e.

Ìlú ti jìyà rẹ̀. Ògùnpa ya wọlé ní 1978, ó tún ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ Sunday. Òjò mìlímítà 274 ni wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà, àwọn tó kú ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe pàǹtí nìkan o, ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè odò náà wà níbẹ̀. Àmọ́ pàǹtí ló dí ojú omi.

Ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìlèkóra-ẹni-níjàánu ní 1984, ọjọ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀ sì dé. Èmi bá a lẹ́nu ìgbà ọmọdé mi. A ó gbá gọ́tà, a ó kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ sétí gọ́tà, a ó máa retí mọ́tò. Mọ́tò ò ní í dé. Òjò ni yóò wá bá wa dá a padà. Ilé-ìwé wa náà ńkọ́? Àwọn tó bá pẹ́ dé, ọ̀rá ni wọ́n ń ṣà kiri ọgbà, ẹ̀yìn ògiri la sì ń dà á sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, mo wà ní Poly nígbà tí omíyalé mìíràn dé. Bíríìjì já, ó tún lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Bíríìjì tuntun dára. Ṣùgbọ́n ẹ gun òkè Mápó lọ, níbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà ló lẹ̀ mọ́ra yẹn. Níbo ni mọ́tò akólẹ̀ fẹ́ gbà wọlé?

Ọgbọ́n ìyá àgbà ò tíì kú ṣá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọjà Bódìjà lápá ìparí àwọn ọdún 1990 láti sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀, ààtàn ẹ̀yìnkùlé náà ni, ẹ̀rọ ló kàn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ ṣa ọ̀rá kúrò.

Mo fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà ilé wa lóṣù tó kọjá. Láti ẹ̀yìnkùlé dé títì tí mọ́tò akólẹ̀ ń dúró sí, ó lé ní irínwó ìṣísẹ̀, òkè ni. Dé gọ́tà ńlá, kò tó ogójì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n.

Mo gbọ́ pé owó àpéjọ tọdún yìí, géètì tuntun la fẹ́ fi ṣe fún ilé-ìwé. Èmi ní kí a fi ra ọmọlanke méjì, kí a máa san owó fún géńdé méjì tí yóò máa kó pàǹtí àwọn agboolé ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ sí títì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Géètì àtijọ́ ṣì ń tì. Mo ti fún akápò ní tèmi.